Ṣé ilé ló ń sọ sẹ́ẹ̀lì agbémì di ohun tó jẹ́, àbí orísun rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni mí níbí ní Òṣogbo. Ìwé tí a ń lò sọ pé inú mùdùnmúdùn eegun ni gbogbo mákírófééjì ti ń wá: wọ́n á gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá pẹ̀lú orúkọ mónósáìtì, wọ́n á wọ inú ẹran ara, wọ́n á sì di mákírófééjì. Olùkọ́ mìíràn tún dé, ó ní ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, pé èyí tó wà nínú ọpọlọ kò dé inú eegun rí. Àwa tí a jókòó wá ń wo ara wa lójú. Bó bá jẹ́ ibì kan náà ni wọ́n ti wá, kí ló dé tí ti ẹ̀dọ̀fóró kì í ṣe iṣẹ́ ti ẹ̀dọ̀? Bí kò bá sì jẹ́ ibì kan náà, kí ló dé tí gbogbo wọn fi ń jẹ́ orúkọ kan? Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gbọ́ èyí tí ẹ fi ojú ara yín rí mọ́ èyí tó wà nínú ìwé.

* * *

Àbúrò mi, n ó kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí, kí ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lè rí mi mú. Ilé tí sẹ́ẹ̀lì yìí ń gbé ló ń sọ ọ́ di ohun tó jẹ́, ilé náà kò sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́, nítorí pé ọjọ́ tí ilé bá dákẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ara rẹ̀. Orísun ní agbára tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ti ilé.

Agbémì ni n ó máa pe mákírófééjì, torí gbígbé nǹkan mì ni iṣẹ́ tí a kọ́kọ́ mọ ìdílé rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1882, ní Messina ní Ítálì, Metchnikoff, onímọ̀ nípa ẹranko, ki ẹ̀gún bọ inú ara ọmọ ẹja-ìràwọ̀ tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, nígbà tó sì máa fi di ọjọ́ kejì, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ti rìn wá yí ẹ̀gún náà ká. Ohun tó dá ìdílé yìí sílẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí gbogbo wọn tó di ìdílé kan, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń jẹ́, torí ẹni tó rí ti ẹ̀dọ̀ kò mọ̀ pé ó tan mọ́ ti ọpọlọ. Kupffer, ará Jámánì, rí ti ẹ̀dọ̀ ní 1876. Del Río-Hortega, ará Sípéènì, ya ti ọpọlọ sọ́tọ̀ ní 1919. Ní 1972 ni van Furth àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó wọn sábẹ́ òrùlé kan, tí wọ́n ní mónósáìtì inú ẹ̀jẹ̀ ni ìyá gbogbo wọn. Ohun tó wà nínú ìwé rẹ nìyẹn. Ó ti gbó, àmọ́ ẹni tó bá ní irọ́ pátápátá ni, òun náà ti kọjá ààlà.

Ohun tó mú un gbó ni iṣẹ́ tí Ginhoux àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2010. Wọ́n fi àmì sára àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọlẹ̀ eku, wọ́n sì tọpa wọn títí eku náà fi dàgbà. Agbémì inú ọpọlọ wá láti inú àpò kékeré tó so mọ́ ọlẹ̀, wọ́n sì ti yọjú níbẹ̀ kí oyún eku tó pé ọjọ́ mẹ́jọ, nígbà tí kò tíì sí eegun, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ mùdùnmúdùn. Wọ́n wọ ọpọlọ, wọ́n jókòó, wọ́n sì ń bí ara wọn níbẹ̀. Nítorí náà olùkọ́ rẹ kejì gbà á. Púpọ̀ nínú ti ẹ̀dọ̀ àti ti ẹ̀dọ̀fóró náà, sẹ́ẹ̀lì ìgbà oyún ni wọ́n jẹ́. Ti ìfun ni mónósáìtì ń rọ́pò láìdáwọ́ dúró, ní ti ọkàn sì rèé, àwọn àtijọ́ àti àwọn àlejò jọ ń gbé ibẹ̀ ni.

* * *

Ẹnì kan ti bi mí pé, bí orísun bá yàtọ̀ báyìí, ṣé kì í ṣe orísun ló fa ìyàtọ̀ iṣẹ́ wọn? Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyẹn, èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ jẹ́ kí n mú un wá sí ìlú wa.

Aláró ni ìyá mi. Òṣogbo, ìlú aró, kò sí ẹni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún. Ewé ẹ̀lú tí a gún, tí a rọ bí ọwọ́, tí a sá gbẹ. Omi eérú tó ń kán tó-tó-tó láti inú ìkòkò tí a lu ìdí rẹ̀. Òórùn tó máa ń gba gbogbo àgbàlá bí aró bá ti ń dé ojú rẹ̀. Láti ara tẹ́rú funfun kan náà ni ìyá mi ti ń gé aṣọ, ìkòkò tí aṣọ kọ̀ọ̀kan bá wọ̀ àti iye ìgbà tó bá wọ̀ ọ́ ló sì ń sọ bóyá yóò dúdú kirikiri tàbí yóò jẹ́ aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ohun tí mo fẹ́ràn jù láti máa wò ni pé aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró kì í dúdú. Àwọ̀ ewé ló máa ń gbé jáde. Ìyá mi á fẹ̀ ẹ́ sórí okùn, atẹ́gùn á bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kàn án, a ó sì dúró síbẹ̀ máa wo bí ewé ṣe ń di búlúù láti etí wá sí àárín.

Bí ọ̀rọ̀ agbémì ṣe rí nìyẹn. Ní 2014, àwọn onímọ̀ kan ní Ísírẹ́lì àti Amẹ́ríkà kó agbémì láti ibi méje nínú ara eku, wọ́n sì wo àwọn súwíìṣì tó ń tan jíìnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ìlànà iṣẹ́ tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Jíìnì kan náà ni gbogbo wọn ní, ṣùgbọ́n súwíìṣì tí wọ́n tàn yàtọ̀ láti ilé dé ilé. Wọ́n tún mú agbémì tó ti dàgbà tán nínú ikùn eku kan, wọ́n gbé e sínú ẹ̀dọ̀fóró eku mìíràn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọ̀pọ̀ súwíìṣì ikùn tó sì ń tan ti ẹ̀dọ̀fóró. Àgbà tó ti mọṣẹ́ ni o, kì í ṣe ọmọdé.

* * *

Arábìnrin kan tó ń ta àdìrẹ ní ọ̀nà Ìgbọ̀nà bá mi wí lórí ọ̀rọ̀ aró yìí, ó sì tọ́ kó bá mi wí. Ó ní aṣọ tí a bá ti rẹ láró kò tún lè padà di tẹ́rú, bó ti wù kí a gbé e jìnnà sí ìkòkò tó. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an sì ni àfiwé mi ti já. Àwọ̀ agbémì a máa ṣí. N ó sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí mi ní láàbù kan tí n kò ní dárúkọ, agbémì inú ikùn eku ni wọ́n fún mi ṣe. A ó la awọ òde, a ó fi abẹ́rẹ́ fa omi iyọ̀ tó tutù sínú ikùn náà, a ó rọra fọwọ́ pa á títí gbogbo rẹ̀ yóò fi jì, a ó sì tún fa omi náà jáde. Ó máa ń ṣe ràndànràndàn díẹ̀, bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì kẹta. A ó da á sínú àwo ike tí a gbé sí ibi tó móoru bí ara ènìyàn. Tó bá fi máa di àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á ti lẹ̀ mọ́ ike, wọ́n á sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹyin tí a fọ́ sínú agbada.

Gata6 ni mo ń wá nínú wọn. Jíìnì tó ń darí àwọn jíìnì mìíràn ni, òun sì ni àmì tí a fi ń dá agbémì ikùn mọ̀. Mo fi oògùn tó ń mú kí Gata6 tàn kun wọn, n kò rí i. Mo tún kun wọn, ó ń tàn bàìbàì. Àwọn tó ṣáájú mi ní iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ba oògùn náà jẹ́ nínú fìríìjì. A ra òmíràn, owó lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Lọ́jọ́ kan tí eku kò pọ̀, mo kun sẹ́ẹ̀lì tó jáde tààrà láti inú ikùn láìjẹ́ kó sùn nínú ike. Àárín gbogbo wọn tàn yòò. Oògùn náà kò bàjẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ló ti gbàgbé ilé.

Ó dùn mí nígbà tí mo wá ka iṣẹ́ Okabe àti Medzhitov, tó jáde ní 2014, nítorí pé ìdáhùn mi wà níbẹ̀. Ohun tó ń tan Gata6 ni retinoic acid, èyí tí ara ń fi fítámì A ṣe, ọ̀rá tó bo ìfun bí ìborùn sì wà lára ohun tó ń fún agbémì ní ìtọ́ni yìí. Nínú ike, kò sí ọ̀rá, kò sí retinoic acid. Ta ni yóò máa rán sẹ́ẹ̀lì létí? Bẹ́ẹ̀ náà ni Gosselin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní 2017 lára agbémì tí wọ́n yọ láti inú ọpọlọ àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún: láàárín wákàtí mẹ́fà péré nínú àwo, ọ̀pọ̀ jíìnì tó sọ ọ́ di ti ọpọlọ ti ń kú.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè pé kí a wá máa mu epo pupa ní ife nítorí fítámì A: rárá o. Àwọn eku tí wọ́n fi fítámì A dù ni agbémì ikùn wọn dín kù, tó sì gbé pẹ́ẹ́lí nígbà tí wọ́n dá a padà. Ẹni tí kò ṣaláìní, ohun tó bá fi kún un kò ní sọ agbémì rẹ̀ di méjì. Àwọn ọmọ wa láti oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún ní hóró fítámì A tí wọ́n ń kán sí wọn lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, búlúù fún àwọn tí kò tíì pé ọdún kan, pupa fún àwọn tó ti pé; ẹ gbé wọn lọ gbà á. Àmọ́ fítámì A tó pọ̀ lápọ̀jù nínú oògùn a máa ṣe ìpalára fún ọlẹ̀, kí aboyún má sì fi òye ara rẹ̀ lò ó.

Ọ̀rọ̀ yìí gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi gbohùngbohùn polówó ìgò ní ojú ọ̀nà, pé ó ń fún ọmọ ogun ara lágbára. Èwo nínú wọn? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa bi wọ́n nìyẹn. Wo agbémì inú àpò afẹ́fẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa gbá eruku àti kòkòrò láìpariwo, torí bó bá ń dá ogun sílẹ̀ nítorí gbogbo eruku ọyẹ́ tí a fà símú, inú ẹ̀dọ̀fóró yóò wú, atẹ́gùn kò sì ní ráyè kọjá. Ilé ló kọ́ ọ ní ìwà pẹ̀lẹ́ yẹn. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fún un lágbára, kí ó kọ́kọ́ sọ agbára wo.

Lórí ti ẹ̀dọ̀fóró yìí, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀, torí òun ni ẹ̀rí tó lágbára jù lójú mi. Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní GM-CSF (granulocyte-macrophage colony-stimulating factor), èròjà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Orúkọ rẹ̀ fi hàn pé wọ́n rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun. Ní 1994, wọ́n yọ jíìnì rẹ̀ kúrò lára eku, wọ́n sì ń retí kí ẹ̀jẹ̀ dàrú. Ẹ̀jẹ̀ kò dàrú. Ẹ̀dọ̀fóró ló kún fún ohun funfun bí omi ògì. Omi ọlọ́ràá tó ń jẹ́ kí àpò afẹ́fẹ́ lè ṣí ni, èyí tí agbémì ibẹ̀ yẹ kó máa gbé mì bí ó bá ti lò tán. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ògiri ẹ̀dọ̀fóró fúnra wọn ló ń sun GM-CSF jáde, òun ló ń tan jíìnì PPARγ nínú àlejò tó bá wọlé, PPARγ ló sì ń kọ́ ọ bí a ṣe ń jẹ ọ̀rá. Bí ilé kò bá sọ ọ̀rọ̀ yìí, àlejò náà kò ní mọṣẹ́. Ènìyàn náà ń ṣe àìsàn yìí. Wọ́n ti ń rí i láti 1958, lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó sì ń ṣe é, ara wọn ló ń bá GM-CSF jà. Wọ́n máa ń da omi iyọ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró wọn láti fọ̀ ọ́, omi náà a sì máa jáde ní funfun bíi wàrà.

Àwọn ìyá wa tó ń yan ẹja, tó ń din gàrí lórí igi, agbémì ẹ̀dọ̀fóró wọn ló ń gbé èédú èéfín yẹn mì. Bí a bá wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù, dúdú ló máa ń wà nínú ikùn sẹ́ẹ̀lì náà, tóó-tòò-tóó. Ó ń dùn mí pé a kì í sọ ọ́ fún wọn.

* * *

Ti àwọn ilé yòókù, n ó sáré kọjá. Nínú spleen, ní ìhà òsì lábẹ́ egungun ìhà, ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó ti lo nǹkan bí 120 ọjọ́ ti ń lọ parí. Heme, èròjà tó gbé irin dání nínú ẹ̀jẹ̀ pupa tí agbémì ibẹ̀ jẹ, gan-an ló ń tan jíìnì Spic tó ń sọ ọ́ di ti ibẹ̀, èyí ni pé oúnjẹ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Nínú eegun, àwọn ìbátan wọn ló ń jẹ eegun tó ti gbó. Nínú ẹ̀dọ̀, ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló ń pín ẹ̀kọ́ náà láàárín ara wọn.

* * *

"Orísun kò já mọ́ nǹkan kan nìyẹn?" N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní 2016, van de Laar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú sẹ́ẹ̀lì inú àpò tó so mọ́ ọlẹ̀, ti ẹ̀dọ̀ ọmọ inú oyún, àti mónósáìtì àgbà, wọ́n kó wọn sínú ẹ̀dọ̀fóró eku tí kò ní agbémì tirẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di agbémì ẹ̀dọ̀fóró, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ṣiṣẹ́. Lọ́dún yẹn kan náà ni Scott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pa agbémì ẹ̀dọ̀ eku, mónósáìtì wọlé, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí àwọn tó kú. Èyí ti ìwé rẹ lẹ́yìn díẹ̀, àbúrò mi: mónósáìtì lè di agbémì bí àyè bá ṣí sílẹ̀. Àmọ́ nínú ọpọlọ, àlejò tó ti inú mùdùnmúdùn wá máa ń jọ ará ilé lójú, ó sì máa ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ilé, síbẹ̀ àwọn jíìnì kan wà tí kò tàn rí, bó ti wù kó pẹ́ níbẹ̀ tó. Bennett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn ní 2018. Ibẹ̀ ni mo ti ń tẹrí ba fún àwọn tó ń jà fún orísun.

Ohun kan tún wà tí n kò lè ṣàìsọ. Ìyá ìyá mi fín orúkọ rẹ̀ sí apá, lẹ́tà búlúù tó wọ́ díẹ̀ bí awọ ṣe ń hunjọ, ó sì wà níbẹ̀ títí ọjọ́ tí a sin ín. Mo máa ń rò pé ńṣe ni àwọ̀ náà kàn jókòó sínú awọ. Ní 2018, àwọn onímọ̀ kan ní Faransé fi eku fihàn pé agbémì inú awọ ló gbé àwọ̀ náà mì. Bí ọ̀kan bá kú, á tú àwọ̀ sílẹ̀, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ibẹ̀ á sì gbé e mì padà. Wọ́n pa àwọn agbémì náà, fínfín kò parẹ́. Apá ìyá àgbà wá sí mi lọ́kàn, àti iye ayálégbé tó ti gbé ẹrù kan náà fún ara wọn nínú rẹ̀ fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, tí orúkọ náà kò sì sọnù.

* * *

Àbúrò mi tún kọ̀wé: "Ẹ̀gbọ́n, ó ti yé mi. Ewé kan ni mo fẹ́ dán wò lára agbémì fún iṣẹ́ àṣejáde mi. Ọ̀gá mi ní kí n lo mónósáìtì inú ẹ̀jẹ̀ tí a sọ di mákírófééjì nínú ike, torí ó rọrùn. Ṣé kí n bá a jiyàn ni?"

Má bá a jiyàn. Ohun tó rọrùn ni ọwọ́ wa tó níhìn-ín, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí n ó bá ọ jà lé lórí ni ohun tí o bá kọ sí ìparí iṣẹ́ náà. Bí ewé rẹ bá mú kí sẹ́ẹ̀lì inú ike gbé kòkòrò mì sí i, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: sẹ́ẹ̀lì tó ti inú ẹ̀jẹ̀ wá, ọjọ́ mélòó ló lò nínú ike, irú omi wo lo fi bọ́ ọ. Má kọ ọ́ pé ewé náà ń fún ara lágbára láti bá àìsàn jà, torí kò sí ilé kankan nínú àwo rẹ, a kò sì mọ ohun tí ẹ̀dọ̀fóró tàbí ẹ̀dọ̀ yóò sọ sí ọ̀rọ̀ náà.

Bí ọ̀gá rẹ bá sì gbà kí o fi agbémì ikùn eku díẹ̀ kún un, pín in sí méjì: kun ìdajì lójú ẹsẹ̀ tó bá jáde, jẹ́ kí ìdajì sùn nínú ike, kí o tó kun ún. Fi Gata6 wo méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí síláìdì kan náà. Tọ́jú omi yìnyín sínú fúláàsì kí o tó bẹ̀rẹ̀, má sì dúró de iná.